Bàtà Bàbá Tún Ti Fún

Ilé Oníbàtà,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ẹnu mi náà ò sì tíì dákẹ́, bí o ṣe mọ̀ mí.

Lẹ́tà ni mo kọ torí Bàbá ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, bí mo bá sì gbé fóònù báyìí, wọ́n á ti na etí sílẹ̀. Awakọ̀ àdúgbò wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ló máa mú un fún ọ.

O rántí ohun tí dókítà sọ nígbà tá a jọ mú wọn lọ: ọkàn wọn ò lágbára mọ́, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n máa lo oògùn tó ń mú omi jáde lára, bí ẹsẹ̀ wọn bá sì wú, kí wọ́n tètè wá. Bàbá ń mi orí, mo rò pé ó ti yé wọn.

Àṣé a gbàgbé pé oníbàtà ni wọ́n. Bí bàtà bá ti fún wọn, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò, awọ ni. Wọ́n ní awọ ayé ìsinsìnyí ò dáa, ó ti sún kì, wọ́n bá ki igi bọ inú bàtà kó lè gbòòrò. Nígbà tó tún fún, wọ́n tú ojú rírán, wọ́n fi awọ lé e. Nígbà tó yá, wọ́n kúkú rán òmíràn tó fẹ̀, wọ́n sì ń yangàn pé ọwọ́ àwọn ò tíì gbàgbé iṣẹ́. Mo ń wo àwọn bàtà tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ sí i, àyà mi sì ń já.

Oògùn yẹn, wọn kì í lò ó lọ́jọ́ iṣẹ́. Wọ́n ní ìtọ̀ ò ní jẹ́ káwọn jókòó parí àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ló wú." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ aránṣọ, kí lo mọ̀ nípa bàtà?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú. Orí àga ni wọ́n ń sùn báyìí, torí bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, èémí wọn kì í délẹ̀. Wọ́n ní ibùsùn ló le jù.

Láàárọ̀ yìí, èyí tó fẹ̀ jù nínú bàtà náà ò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́. Mo ní ó yá, ká máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ní oníbàtà ò ní fẹsẹ̀ lásán kọjá níwájú àwọn oníbàárà ẹ̀, kí n jẹ́ káwọn rán òmíràn ná. Wọ́n ń rán an lọ́wọ́ báyìí. Bí wọ́n bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sinmi.

Ẹ̀rù ń bà mí pé Bàbá máa kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwọ ni wọ́n ń pè ní ìyá wọn. Bí o bá ní kí wọ́n wọ mọ́tò láìwọ bàtà, wọn ò ní jiyàn. Jọ̀ọ́, bá awakọ̀ yìí padà wá.

Kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀,
Aránṣọ.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí kí n tó fún awakọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti parí. Wọ́n ti sùn lé ìkejì lórí, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo pè wọ́n, wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Má wulẹ̀ palẹ̀ ẹrù kankan mọ́, máa bọ̀.