Ìyá Tó Kọ́kọ́ Sọ Pé Ẹ̀rù Ń Ba Òun

Sí Raliat àti gbogbo ẹbí olóògbé Alájà Ràmọ́tà Àjọkẹ́, Ìrẹsà.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Afọwọ́sowọ́pọ̀ fi gbọ́ pé ìyá wa, igbákejì alága wa, ti dágbére fáyé. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ilé tiwa náà ṣófo.

A rántí ọdún tí ilé-iṣẹ́ kan kó katakata àti ọlọ́pàá wá láti hú oko wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti kóra jọ títí dé oko ni àwa ọkùnrin ń pariwo pé a ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Hà! Wọ́n kàn tan katakata náà ni, gbogbo wa bá ẹsẹ̀ wa sọ̀rọ̀. Bàtà wa kún ojú ọ̀nà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, bí a ti ń di ẹ̀bi ru ara wa, Alájà dìde. Wọ́n ní láti kékeré ni ẹ̀rù ọlọ́pàá ti ń ba àwọn, àwọn ò sì ní purọ́ mọ́. Ìgbà náà ni Mubaraq, tó síngbọnlẹ̀ jù nínú wa, jẹ́wọ́ pé ariwo katakata gan-an ló lé òun. Láti ọjọ́ náà, a kì í jáde láì kọ́kọ́ jókòó sọ ohun tí kálukú ń bẹ̀rù. Ẹni tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà, a fi í sáàárín. Ẹni tí kò bẹ̀rù wọn bọ́ síwájú. Nígbà tí a padà lọ, kò sẹ́ni tó sá. A jókòó sórí ebè wa títí awakọ̀ fi yí katakata rẹ̀ padà. Mo ṣì ń rí ìyá wa níbẹ̀, tí wọ́n ń pín ẹ̀pà sísè fún wa. Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ wá gan-an.

Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àti ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà ní kóòtù, wọ́n sì ti tún ń yọjú. Ẹgbẹ́ ṣèlérí pé oko ìyá wa kò ní di igbó, àwa la ó máa ro ó, a ó sì bá yín ṣe ẹjọ́ náà dópin. Raliat, gbogbo wa la fẹ́ kí o jókòó sí àyè ìyá rẹ. Níbi àdúà ọjọ́ mẹ́jọ, o sunkún, o ní o ò lè ṣe é, pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ọmọ mi, báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn, kó tu gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú, kó má sì jẹ́ kí ẹ dá nìkan bẹ̀rù láé. Àmín.

Simon Ọlọ́runnísọ̀lá,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.