Mo Lọ Gba Málíìsì Mi Lọ́wọ́ Àǹtí Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ tí o fi ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yẹn lójoojúmọ́ kò ní yẹ̀ o. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ewúrẹ́ tó jẹ lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ, ìdí nìyẹn tí èyí fi pẹ́. Bàbá rẹ ní kí n má sọ pé òun kí ọ, nítorí náà mi ò sọ.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lórí fóònù, mi ò sì lè kà á tán, ni mo bá gbé e tọ ọkùnrin tó ń bá wa fi iná sí fóònù lọ. Ó ní o kọ ọ́ pé o gbọ́ pé Àǹtí rẹ aránṣọ ń kíìpù málíìsì pẹ̀lú mi. Mo bi í pé kí ni kíìpù, ó ní kéèyàn tọ́jú nǹkan ni. Mo bi í pé kí ni málíìsì, ó ní kò sẹ́ni tó tíì gbé irú rẹ̀ wá fún òun rí. Ìgbà náà ló tó yé mi pé o ti fi ẹrù ránṣẹ́ sí mi, àbúrò mi sì ti gbé e pamọ́!

Inú bí mi, kí n má parọ́. O ṣáà mọ̀ pé ó di oṣù mẹ́ta tí a ti sọ̀rọ̀ síra wa kẹ́yìn, látìgbà tó rán aṣọ tí kò kọjá ìgúnpá mi, tí mo bi í lójú àwọn oníbàárà pé ṣé igi ìgbálẹ̀ ló wọ̀n ni. Bó bá ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ báyìí, ewúrẹ́ ló máa ń sọ ọ́ fún, kí n lè gbọ́. Mo ní ó dáa, àmọ́ ìjà ò ní kéèyàn jẹ ẹrù ẹlẹ́rù.

Mo gbé abọ́ ńlá tó ní ọmọrí, mo mú fọ́tò pélébé méjì àti káàdì báńkì mi, torí níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú nǹkan, wọn kì í ṣàdédé kó o fún èèyàn. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, píìnì kún ẹnu rẹ̀. Mo ní mo wá gba málíìsì mi, bó bá sì ti jẹ nínú rẹ̀, kó gbé ìyókù wá, mi ò ní bá a jà.

Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹ̀rí ọkàn ni. Àfi bí píìnì ṣe fọ́n ká ilẹ̀, tó bú sẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kó jókòó lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ó ní òótọ́ ni, málíìsì wà lọ́wọ́ òun, ó pọ̀ débi pé abọ́ mi ò lè gbà á, pé odì tí à ń bá ara wa yàn ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀.

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì pa mí. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ òyìnbó! Àwa yan odì, àwọn tún ń tọ́jú ẹ̀. Ṣé ó máa so ni? Ó wá sọ fún èmi gan-an, kì í ṣe ewúrẹ́ o, pé kí n lọ mú aṣọ náà wá. Ó tú apá rẹ̀, ó tún un rán, ó wọlé geere. Píìnì la ṣà sínú abọ́ tí mo gbé lọ.

Ní báyìí tó ti yé mi, mo ní ìbéèrè kan. Látìgbà tí o ti sọ fún bàbá rẹ pé o ò ní padà wálé wá gba iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fìbínú sọ̀rọ̀ sí ọ, fóònù tèmi nìkan lò ń pè. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ojoojúmọ́ ló ń ní kí n fi tèmi pe tòun, kí òun mọ̀ bóyá ó ń dún. Á gbé e, á bi mí pé ta ni, bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ ni mo dúró sí. Ọmọ mi, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, àbí ẹ̀yin méjèèjì ń kíìpù nǹkan?

Jọ̀ọ́, fi owó kírédíìtì díẹ̀ ránṣẹ́, pípe bàbá rẹ ti jẹ tèmi tán. Ohun rere ni wàá máa rí tọ́jú, èyí tí kò dáa á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Wàá pẹ́ fún wa, àwa náà á sì pẹ́ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ọ pé láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lòun máa ń jókòó ti fóònù náà. Mi ò sọ.