Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alájà Búlúù àti Àga Kejì

Èmi, Wilhelmina Chisolm Polite, opó Ezekiel Polite tó fi ọkọ̀ pa edé títí ọlọ́jọ́ fi dé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí ń gbé ní erékùṣù St. Helena ní South Carolina, ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, orúnkún kì í sì í kọ ìwé ìhágún. Ìwé yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e. Mo ti sọ fún Lọ́yà Heyward, tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ, pé ohun gbogbo tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Ìkíní. Ilé mi àti ilẹ̀ rẹ̀, mo fi fún Verdell, ọmọ mi kan ṣoṣo, tí ń gbé ní Atlanta. Ṣùgbọ́n Verdell, gbọ́ mi dáadáa. Mo rí ọ ní Kérésì tó kọjá nígbà tí o ń wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, tí o rò pé mo ti sùn. O fẹ́ yọ nẹ́ẹ̀tì, kí o fi gíláàsì dí i, kí o gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ọjọ́ tí gíláàsì àkọ́kọ́ bá wọ ibẹ̀, ilé di ti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Nẹ́ẹ̀tì ni kó wà níbẹ̀, kí yànmùyánmú wà níta, kí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá sì máa wọlé.

Ìkejì. Ìkòkò òdòdó mẹ́fà tó so rọ̀, àti ìkarahun tí afẹ́fẹ́ ń gbá mọ́ra wọn, Verdell ló ni wọ́n. Iná Kérésì tó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má tú u. Ezekiel ló so ó. Ó ní òun á tú u lọ́jọ́ Sátidé, kò sì rí Sátidé náà. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ìkẹta. Ajá mi, Díákónì, mo fi fún Earnestine Fripp, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń kọjá láràárọ̀, tó ń kí ajá, tí kì í kí mi. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, Díákónì, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ajá á jurù sí i. Wọ́n ti gbọ́ra wọn yé, kí wọ́n máa bá a lọ.

Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ àjà. A máa ń kun àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní búlúù kí iwin lè rò pé omi ni, nítorí iwin kì í sọdá omi. Bí ẹgbẹ́ obìnrin bá ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kiri lẹ́yìn Àjíǹde, tèmi ló ń gbégbá orókè. Mo sọ fún gbogbo ayé pé ìyá ìyá ìyá mi ló fi ẹlú po ọ̀dà náà, pé àṣírí ìdílé ni. Earnestine, tí a jọ pín bàtà kan wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe, bẹ̀ mí kí n fi hàn òun. Mo ní kó po ẹfun mọ́ wàrà kíkan àti ewé ẹlú, kó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣe é. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oòrùn mú, àjà bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó. Àkẹtẹ̀ funfun ìyàwó pásítọ̀ di aláró, eṣinṣin sì sìn ín délé. Earnestine wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Wilhelmina, o rí mi fín. Títí o fi máa kú, mi ò ní jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Lọ́yà, ẹ kọ èyí gàdàgbà: kò sí àṣírí ìdílé kankan. Ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi ni. Ezekiel rà á ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi kun ọkọ̀ edé rẹ̀, ó ṣẹ́ kù, mo fi kun àjà. Mo ti purọ́ jìnnà kí Earnestine tó béèrè, ojú sì ń tì mí láti padà. Agolo méjì tó kù wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ti Earnestine ni.

Ìkarùn-ún. Àga méjì tó ń fì síwá-sẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: kí Verdell gbé tèmi lọ sí Atlanta. Ìkejì, tí kò sẹ́ni tó jókòó lé e fún ọdún mọ́kànlá àfi Díákónì, mo fi fún Earnestine. Kí àga náà má kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dí i lọ́wọ́ láti wá jókòó. Ṣebí ó ní títí n ó fi kú ni. Ìbúra rẹ̀ á ti tán nígbà náà.

Àfikún. Mo ránṣẹ́ sí Earnestine láàárọ̀ yìí pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìhágún mi. Mo mọ̀ ọ́n, kò lè gbọ́ irú ìyẹn kó fìdí mọ́lé. Ó dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, ó kí Díákónì, ó ní kí Lọ́yà ka gbogbo rẹ̀ sókè. Nígbà tí Lọ́yà kà á dé ibi ọ̀dà ọkọ̀, Earnestine pòṣé, ó tún bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ku ẹlẹ́rìí kan tí yóò fọwọ́ síwèé, Earnestine ní òun á ṣe é. Lọ́yà kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá fọwọ́ síwèé bí ẹlẹ́rìí ò ní lè jogún ohun kan nínú rẹ̀. Earnestine ní agolo ọ̀dà, òun á gbé e lọ lónìí olónìí, ìyẹn kì í ṣe ogún. Díákónì sì mọ ọ̀nà ilé òun. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì, ó wọlé.

"Lọ́yà, ẹ mú bírò wá. Mi ò fẹ́ àga òkú."

Mo fọwọ́ sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹrin, ọdún 2012.

Wilhelmina Chisolm Polite

Ẹlẹ́rìí kìíní: Delphine Aiken, tó ń pín lẹ́tà ní àdúgbò, tó fọwọ́ sí i lórí ìdúró nítorí pé ó ń kánjú.

Ẹlẹ́rìí kejì: Earnestine Fripp, ọ̀rẹ́ ẹni tó ni ìwé yìí, tó fọwọ́ sí i lórí àga kejì, tí kò sì tíì dìde.