Ọ̀bẹ Tó Wà ní Ìbàdí Nashwan

Ghaylan, ọ̀rẹ́ mi,

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Nígbà tí ọba pè ọ́ padà sí Sahwar lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun erékùṣù yìí, o fi ọ̀bẹ onífàdákà rẹ lé mi lọ́wọ́ pé kí n so ó mọ́ ìbàdí ọmọ tó wà nínú Mwanaidi, ìyàwó rẹ. Mo kọ̀wé sí ọ pé oyún bà jẹ́, ìyàwó sì kú. Mo sọ fún Mwanaidi pé òkun gbé ọ lọ. Mo wá fẹ́ ẹ.

Ara mi le o, kànáfùrù sì so dáadáa lọ́dún yìí. Àmọ́ bí ọkọ̀ Sahwar bá ti gúnlẹ̀, èbúté ni Mwanaidi ń sáré lọ.

"Ẹja lo tún fẹ́ lọ rà?"

"Baba Nashwan, ṣé ẹja náà lẹ tún ń jowú ni?"

Òkú tí mo fẹnu ara mi pa ni mo ń jowú láti ogún ọdún. Ọmọ pàápàá, ẹ̀rín rẹ ló ń rín.

Mo ti jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Nashwan ló mú ìwé yìí wá. Ọ̀bẹ rẹ ló wà ní ìbàdí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń kí ọ. Ó kọ̀, kò sọ ìkíni náà létí mi. Ẹnu ọmọ rẹ ni o ti máa gbọ́ ọ.

Èmi Harith.