Ohun Tó Ga Jù fún Uncle Dàpọ̀

Sátidé, lẹ́yìn rehearsal

Ó rẹ̀ mí. Láti shift ni mo ti gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ẹsẹ̀ mi ti wú nínú bàtà.

Ó ti tó oṣù kan tí Uncle Dàpọ̀, tí wọ́n ń ta gìtá bass fún wa, ti ń sọ pé, "Ó ga jù fún mi." Èmi tí mò ń tẹ dùùrù rò pé key ni wọ́n ń wí. Mo wá ń gbé orin wálẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí àwọn obìnrin choir fi ń kùn bí ẹni inú ń run.

Lónìí mo rí Uncle tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Mo tẹ okùn bass náà wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́. Okùn ló ga sókè jù lórí ọrùn gìtá! Mo yí skúrù bridge, irin tó gbé okùn dúró nídìí gìtá, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wálẹ̀.

Uncle ta á wò. "Mo ṣáà ń sọ fún ẹ."

"Ẹ má bínú, sà."

Wọ́n ní ọ̀la ni àwọn ì bá fi bass sílẹ̀.

Mummy sì máa ń fi mí yangàn kiri Rye Lane ní London níbí pé mo gbọ́ Yorùbá.