Hóró Mẹ́sàn-án àti Eyín Kan

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ná: ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, 800. Káàdì dókítà eyín, 1,500. Àwòrán egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, 6,000. Oògùn ìrora, 400. Àpapọ̀, 8,700. Ó ku 11,250 títí di òpin oṣù.

Eyín ìkẹyìn lápá òsì ti sùn gbalaja sínú ẹran. Kò jáde, kò padà sẹ́yìn. Dókítà ní àfi kí òun là á. 60,000, ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn. Ọ̀gá ní òun á san ìdajì sílẹ̀, òun á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù mi, 5,000 lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tó ní kí ìyàwó òun bá mi lọ.

Alákàn ni mo ń pe ìyàwó ọ̀gá nínú ìwé yìí. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan. Búrẹ́dì kan ò lè jáde nílé iṣẹ́ wọn kó má mọ ẹni tó gbé e.

Òun ló di bírò mú nígbà tí nọ́ọ̀sì ń ka ìbéèrè, torí mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru? Rárá. Ìtọ̀ ṣúgà? Rárá. Àìsàn ọpọlọ, tàbí oògùn rẹ̀? Alákàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ka owó wa rèé o. Bí orí ẹ̀ bá dàrú, àwa la máa ṣagbe." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà sí Rárá.

Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kí n kọ ọ́ síbí, torí kò síbòmíràn. Ọdún mẹ́rin rèé tí Àlejò ti ń wá bá mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é. Á jókòó lé mi láyà, èémí á gé, màá gbà pé ikú dé — lọ́sàn-án gangan, nídìí àpótí owó. Ilé ìwòsàn kan lódì kejì ìlú ló ń fún mi lóògùn. Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù ni mo máa ń lọ. Wọ́n rò níbi iṣẹ́ pé ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni. Hóró pupa kan kí n tó sùn, lójoojúmọ́. Hóró funfun fún ìgbà tí Àlejò bá ya wọlé lójijì.

Akápò tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi — wọ́n bá a níbi tó ti ń sunkún lẹ́yìn àpò fláwà. Lọ́jọ́ kejì ìjókòó rẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé. Wọ́n ṣì ń fi ṣe àwàdà títí dòní. Owó oṣù yìí, 42,000, òun nìkan ló ń san yàrá àti ilé ìwé ọmọbìnrin mi. Kò sí òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Dókítà kọ oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ fún mi. Hóró méjì: ọ̀kan kí n fi sùn lálẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ọjọ́ 14, ọ̀kan ní wákàtí kan kí n tó dé. 1,800 lẹ́yọ. 3,600.

Mo wo orúkọ rẹ̀ lára bébà. Mo tún un wò. Hóró funfun mi náà ni. Mẹ́sàn-án wà nínú agolo bọ́tìnì nílé. Kí ni màá tún máa rà á fún?

Mi ò rà á.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Màámi pè. Òun nìkan ló mọ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún dókítà. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní ẹni tó sọ̀rọ̀ ńkọ́? Tiẹ̀ á bá a dé ìta gbangba. Ó ní, "Eyín ló ń dùn ẹ́ lóòótọ́. Ẹnu ò dùn ẹ́ rárá."

Ọjọ́rú, 12

Eyín. Mi ò lè jẹun. Ó kéré tán, owó oúnjẹ dín.

Ọjọ́bọ̀, 13

Hóró tèmi lágbára ju ti dókítà lọ. Wọ́n kọ mílígíráàmù 2 sára bébà rẹ̀; 5 ló wà lára páálí mi. Mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ìdajì, ó ju 2 lọ díẹ̀. Kò burú. Mo lo ìdajì, mo lo hóró pupa mi náà. Ìṣirò pé.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Láàárọ̀ mo lo ìdajì kejì. Kí n tó wọṣọ tán, Àlejò ti jókòó. Mo la òmíràn, mo lo ìdajì. Ọkàn mi ń lù kìkìkì. Nínú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alákàn, mo ṣe bí ẹni ń wá owó nínú báàgì, mo gbé odindi kan mì láìlómi.

Mi ò ṣírò ó títí mo fi dùbúlẹ̀ lórí àga dókítà. Ìdajì, ìdajì, odindi: 10. Dókítà rò pé 2 ló wà nínú mi. Ìlọ́po márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì ti ń wá iṣan. Dókítà ní òun á fún mi ní abẹ́rẹ́ díẹ̀ tí mo máa fi tòògbé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi lódì kejì ìlú ló dìde sí mi lọ́kàn: má fi oògùn oorun mìíràn kún èyí, èémí lè dúró. Alákàn jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, báàgì lórí itan.

Dókítà ní, "Hóró kan péré lẹ lò láàárọ̀ yìí, àbí?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá mo jí, bóyá mi ò jí. Bí mo bá ní rárá, iṣẹ́ lọ. Mo rò ó. Ahọ́n mi wúwo. Mo rí ọmọ mi lẹ́nu géètì ilé ìwé, tó ń dúró de ẹni tó máa mú un.

Mo ní, "Rárá. Márùn-ún irú ẹ̀ ni." Lẹ́yìn ìyẹn mi ò lè dúró mọ́. Hóró pupa, àǹtí tí kò sí, ọdún mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ tú jáde. Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ. Mi ò bá tò ó bó ṣe yẹ." Wọ́n fi nǹkan há mi níka, wọ́n ń ka èémí mi títí di aago mẹ́ta. Alákàn ò kúrò níbẹ̀. Òun ló sanwó ọkọ̀ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Kò sẹ́ni tó pè.

Ọjọ́ Ajé, 17

Àbúrò Alákàn ló wà lórí àga mi. Kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Lọ sinmi díẹ̀ nídìí fláwà. Owó kíkà le fún èèyàn." Kò dárúkọ àìsàn. Fláwà ni mo ń jọ̀ báyìí. 26,000 lóṣù. Mi ò bínú. Irọ́ ni. Mo bínú.

Nínú 30,000 tí ọ̀gá san sílẹ̀, dókítà dá 12,000 padà. Wọ́n ti ṣí irinṣẹ́, wọ́n ti lo bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá ní 18,000 tó ṣòfò, ọrùn mi ló wà.

Ọjọ́bọ̀, 20

Alákàn wá síbi fláwà lọ́sàn-án. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé lílé ló kù.

Ó béèrè pé èló ni káàdì níbi tí mo ń lọ. Mo ní 500, ẹ̀ẹ̀kan péré. Oògùn ńkọ́? 2,400 lóṣù. Ṣé wọ́n máa ń pe orúkọ èèyàn síta níbẹ̀? Mo ní rárá o, ma, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè. Ó kọ àdírẹ́sì sí àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Mi ò bi í pé ta ló fẹ́ lọ. Ojú yẹn tó ń rí gbogbo nǹkan, kò lè wò mí.

Ó ní, "Má sọ fún ọ̀gá ẹ." Ó gbọn fláwà kúrò lára aṣọ, ó jáde. Kò sọ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́.

Owó oṣù tuntun, 26,000. Yàrá, 12,000. Ilé ìwé, 7,000. Ọkọ̀, 4,000. Oògùn, 2,400. Ó ku 600, oúnjẹ ò tíì sí níbẹ̀. Eyín ṣì wà lẹ́nu mi. Mo jẹ 18,000.