Rárà Tí Ìyá Mi Kò Gbọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyàwó tuntun ni mí ní Ìnísà, ayọ̀ ò jẹ́ kí n jókòó! Ọkọ mi ń kẹ́ mi gan-an.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo sun rárà ìyàwó ní Òkukù, mo fi yin ìyá mi tó ṣe epo pupa rán mi níwèé. Ṣùgbọ́n ọsibítù ni wọ́n wà ní Ìkìrun, wọn ò gbọ́. Ní báyìí, dókítà ní ká máa gbé wọn lọ sílé, agbára òun ti pin. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú: "Ìyàwó, rárà tèmi dà?"

Ìyá ọkọ mi fàáké kọ́rí: "Èèwọ̀! Ta ló ń sun rárà lẹ́yìn tó ti wọlé ọkọ? Àbí ilé wa ti sú ọ ni?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Olóòtú, kí wọ́n tó dáhùn, ẹ bá mi ka díẹ̀ nínú rárà náà. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ìyá mi.

"Ẹsẹ̀ ìyá mi pọ́n, kì í ṣe osùn,
Epo ló ń tẹ̀ kí n lè mọ̀wé.
Ó rẹ̀ ẹ́, kò jókòó,
Òjò dé, kò sá."

Ìyá mi á mọ̀ pé èmi ni.